Ògbufọ̀ Tó Yí Ọ̀rọ̀ Ìyá Padà

Àwọn kan máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ń sunkún nídìí fíìmù ìgbàgbọ́. Wọ́n ní eré lásán ni, wọ́n ní ẹkún àkọ́sórí ni àwọn òṣèré ń sun. A ò bá wọn jiyàn pé eré ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ti Ọláòtán ná.

Ọláòtán ń ta ike àti kúlà ní ọjà Marché Central nílùú Douala, ní Kamẹrúùnù. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Faransé rẹ̀ dán bí ti àwọn lọ́yà àdúgbò Bonanjo, òun náà sì mọ̀ pé ó dán. Ó máa ń mutí kó tó palẹ̀ ọjà mọ́, á sì tún mu òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọtí yìí ló wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tó lé Ìbíjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ jáde. Oṣù Keje ni, òjò kò dá láti òwúrọ̀. Aṣọ méjì péré ni obìnrin náà ráyè mú. Bàtà tó wọ̀ sí ẹsẹ̀ kan, ti ọkọ rẹ̀ ni. Ó tóbi, ó ń bọ́ sínú ẹrẹ̀. Sandra, ọmọ wọn kan ṣoṣo, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà. Ikọ́ ń ṣe é. Ọláòtán kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbé e. Ìbíjọkẹ́ padà sí Ìlóbùú láìsí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Inú Faransé ni Sandra dàgbà sí. Yorùbá tó gbọ́ kò ju “wá jẹun” àti “ẹ káàárọ̀” lọ. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò gbọ́ Faransé ju ti ọjà lọ, èyí náà sì ti fò lọ lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí ìyá bá pè lórí fóònù, Ọláòtán ni ògbufọ̀ láàárín wọn.

Ìyá á ní, “Sọ fún ọmọ mi pé ojoojúmọ́ ni mò ń rántí rẹ̀. Ìgbà wo ló máa wá?” Ọláòtán á yíjú sí Sandra, á sọ fún un ní Faransé pé ìyá rẹ̀ ní ọwọ́ òun dí, pé ọkọ tí òun fẹ́ kò gba ọmọ ẹlòmíràn sílé. Bí ọmọ bá ní kó bá òun kí i, á sọ fún ìyá pé ọmọ ní òun ò mọ̀ ọ́n. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́dọọdún, títí Sandra fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́.

Albert, ọmọ Yorùbá onígbàgbọ́ kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọláòtán, máa ń fi fíìmù ìgbàgbọ́ han àwọn ènìyàn ní gbọ̀ngàn ìjọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù náà, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Douala kò sì gbọ́ ọ. Faransé Albert alára kò kọjá iye owó ọjà. Ó bẹ Ọláòtán pé kó wá máa túmọ̀. Ọláòtán gbà, nítorí ó fẹ́ kí ayé gbọ́ Faransé òun.

Ó ní, “Màá túmọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ní kí n kúnlẹ̀, ilé ọtí ni mo bá lọ.”

Bí pásítọ̀ inú fíìmù bá ń gbàdúrà, Ọláòtán á ní ó ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja yíyan. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà á fajú ro. Albert kò lé e. Ó ní Ọlọ́run lè gba ẹnu òpùrọ́ kọjá.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti fi aṣọ dí fèrèsé, òjò ń lu páànù. Sandra wà lára àwọn tó jókòó. Nínú fíìmù náà, ìyá kan kúnlẹ̀ sídìí ibùsùn rẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní, “Olúwa, ohùn mi kò dé etí ọmọ mi mọ́. Bá mi sọ fún un pé n kò gbàgbé rẹ̀.”

Ọláòtán gbé makirofóònù sẹ́nu. Ó ní obìnrin náà ní ẹnìkan ti jí ẹran inú ọbẹ̀ òun jẹ. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Sandra náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin inú fíìmù ń sunkún lójú ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Màmá Bàdámọ́sí, àgbà obìnrin kan tó gbọ́ èdè méjèèjì, dìde dúró. “Ọláòtán, kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Sandra. Ó wo bàbá rẹ̀. “Papa, elle a dit quoi?” Kí ni obìnrin yẹn sọ?

Ìbéèrè tó máa ń bi í nídìí fóònù gan-an nìyẹn.   Ọláòtán gbé makirofóònù sílẹ̀, ó jáde sínú òjò.

Albert tẹ̀ lé e. Ọláòtán ò dúró kó béèrè. “Eré ni,” ló wí. “Wọ́n sanwó fún obìnrin yẹn kó tó sunkún.”

“Bó bá jẹ́ pé eré ni, kí ló lé ọ sínú òjò?”

Ọláòtán bú u. Ó bú ìjọ rẹ̀, ó bú fíìmù rẹ̀. Nígbà tí èébú tán lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ohun tó ti ń ṣe láàárín ìyá àti ọmọ. Ó ní, “Bí mo bá jẹ́wọ́, Sandra á fi mí sílẹ̀. Òun nìkan ni mo ní.”

Albert ní, “Ó lè fi ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Mi ò ní tàn ọ́. Jésù nìkan ni mo mọ̀ pé kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Irọ́ yìí wà lára ohun tó rù lọ sórí àgbélébùú.”

Kò sẹ́ni tó ní kó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní, “Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Gbà mí.”

Ó wọlé tòun ti omi lára, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, láìyọ kan kúrò. Sandra kò sunkún. Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó pe nọ́ńbà ìyá rẹ̀, ó sì gbé e fún Màmá Bàdámọ́sí pé kó bá òun túmọ̀. Ọláòtán jókòó, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí òun ti há mọ́lẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí.

Nígbà ìsinmi, Sandra lọ sí Ìlóbùú. Kò tíì padà. Ọláòtán ló gbé ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ó dùn ún, kò sì torí rẹ̀ padà sídìí ọtí. Àwọn ọlọ́jà ń pè é ní Frère Sinimá, ìyẹn Arákùnrin Onífíìmù. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, fíìmù ló mú mi. Ọtí tó mú ẹ̀yin ńkọ́?”

Ẹ bi wá léèrè ìdí tí fíìmù wọ̀nyí fi ń wọni lọ́kàn. Ẹni tí wọ́n ń wàásù fún a máa gbé apata dání. Ẹni tó ń wo eré ti gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Ọlọ́run máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. A ò ní jáwọ́ nínú fífi í hàn, a ò sì ní tijú omijé wa.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, ògbufọ̀ ni ìwọ náà. Ẹ̀mí Ọlọ́run ní, “Ronú pìwà dà.” O túmọ̀ rẹ̀ fún ọkàn rẹ pé àwọn aládùúgbò ló ń bá wí. Ó ní, “Lónìí.” O ní ó ní tó bá di ọ̀la. Ta ló rán ọ ní irọ́ yẹn? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù, kí o sì lọ jẹ́wọ́ fún ẹni tí o ṣẹ̀. Lónìí ló wí.