Ọmọbìnrin Tó Gé Apá Ọ̀tún Méjì

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá débi pé ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ rírán kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọwọ́yá ló ń pè é. Kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ti gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́.

Ìgbà tó yá, ìfẹ́ dé. Ọmọkùnrin kan ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní òdìkejì títì, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò ju ẹyọ márùn-ún lọ. Òun ló ní òun máa gbé Ọwọ́yá níyàwó. Ẹni tí kò tíì lè kan àpótí ìjókòó kó má mì!

Láti ọjọ́ náà ni ara Ọwọ́yá kò ti balẹ̀ mọ́. Bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á já. Bí kò bá dún, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pa ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tó ń lọ tì, ó sì yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kì í jẹun, ó ní inú ló ń run òun. Kò pẹ́ tí irọ́ fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ti bá ọmọkùnrin náà ṣàdéhùn pé lọ́jọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì yóò sá lọ sí ìlú mìíràn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀gá gbé aṣọ funfun kan fún un pé kó gé e, aṣọ tí ìyàwó kan fẹ́ wọ̀ ní Sátidé. Aṣọ náà lójú, ó lẹ́yìn. Ẹni tó bá gé apá ọ̀tún nínú irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí bébà ìwọ̀n dà kó tó gé ti òsì. Ṣùgbọ́n Ọwọ́yá gbójú sókè, ó rí ọmọkùnrin náà tó ń bá ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ojú rẹ̀ wà níta, ọwọ́ rẹ̀ ń gé lọ. Ìgbà tó máa wolẹ̀, apá ọ̀tún ti di méjì, kò sí ti òsì. Irú aṣọ náà ti tán lọ́jà.

Ẹ̀rù bà á. Ó kó apá méjèèjì sáàárín iṣẹ́ Àǹtí Jẹ́jẹ́, ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn ní ṣọ́ọ̀bù, tó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kó gbòmìnira.

Ọ̀gá rí i, ó pariwo. Jẹ́jẹ́ wo aṣọ náà, ó wo Ọwọ́yá, ó sì kúnlẹ̀. Kò ní òun ni, kò sì ní òun kọ́. Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé, pé kó gbàgbé òmìnira.

Ọwọ́yá sáré lọ sọ fún ọmọkùnrin náà.

“Ṣé wọ́n mọ̀ pé ìwọ ni?” ó bi í. “Bí wọn ò bá mọ̀, panu mọ́. Ọjọ́ Àìkú ò jìnnà mọ́.”

Kò béèrè ẹni tí wọ́n lé. Ọwọ́yá padà sílé, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ìtìjú ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó gba ilé Jẹ́jẹ́ lọ. Jẹ́jẹ́ ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé.

“Àǹtí, ẹ mọ̀ pé èmi ni. Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?”

“Bí mo bá dárúkọ rẹ, ọ̀gá á lé ẹ, ọ̀dọ̀ ọmọ káfíńtà tí mo rí tí ò ń wò lójoojúmọ́ yẹn lo sì máa sá lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ dí ẹ lọ́nà ná.”

Ọwọ́yá bú sẹ́kún. Ó ní òun á tún ìwà òun ṣe, òun á wá nǹkan fi tù ú nínú.

“Má dà mí láàmú,” Jẹ́jẹ́ dáhùn. “Ìbínú ọ̀gá ni mo lè bá ẹ rù, mi ò lè bá ẹ ru ẹ̀ṣẹ̀. Jésù nìkan ló lè rù ú, ó sì ti rù ú lórí igi àgbélébùú. Ṣé wàá jẹ́wọ́ fún un?”

Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù aṣọ. Ọwọ́yá ka gbogbo irọ́ rẹ̀ fún Olúwa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ti ọjọ́ Àìkú, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun. Bí wọ́n ṣe ṣe àmín tán, ó dìde, ó lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá.

Ọ̀gá kò fọwọ́ pa á lórí. Ó ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́ lójú ẹsẹ̀ pé kó padà wá gbòmìnira rẹ̀, ó sì gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ Ọwọ́yá. Aṣọ funfun mìíràn ni wọ́n fi rán apá fún ìyàwó náà kí Sátidé tó dé. Bọ́tìnnì ni Ọwọ́yá ń rán mọ́ aṣọ fún ọdún kan gbáko. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sì kọ̀ fún ọmọkùnrin náà. Ó dùn ún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló ṣì ń wo òdìkejì títì. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń sùn, ó sì padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; Ọlọ́run ló dá a, ó sì ní àsìkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń jìyà irọ́ rẹ báyìí? Ṣé ìyá rẹ ni, àbí ọ̀rẹ́ rẹ? Má sọ pé o ṣì kéré. Ẹni tó dàgbà tó láti parọ́ ti dàgbà tó láti ronú pìwà dà. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, kó o sọ ọ́ fún Jésù bó ṣe rí gan-an. Ó ti mọ gbogbo rẹ̀ kó o tó la ẹnu, kò sì tíì kọ̀ ọ́. Lónìí ni kó o lọ bá a.