Sókàwéè Tí Kì Í Kún

Kí oòrùn tó là dáadáa, Keziah ti gbé ṣọ́bìrì jáde sí ẹ̀yìnkùlé ilé ọkọ rẹ̀ ní Inísà. Ó gbẹ́ ihò kékeré kan tó jìn dé orúnkún, ó sì gbẹ́ irú rẹ̀ síwájú ilé. Ó bu omi kún méjèèjì, ó sì ń bù ú kún wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ dà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ: ohun tó bá kọ́kọ́ rí ni yóò gbé mì. Ìgbà tó bá mu yó tán la tó lè mọ bí ó ṣe ń mumi gan-an.

Tíṣà iṣẹ́ ọ̀gbìn ni Keziah ní Ìkìrun. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ló ń kọ ọ́ lóminú. Bàbá Ọláìtán, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti pe bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Oyèdélé wá láti Òkukù. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ sókàwéè sí, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí yóò máa rì sí. Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá péré ló sì wà láàárín ibẹ̀ àti kànga tí gbogbo agboolé ń mu.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin méjèèjì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá Keziah lórí àpótí lẹ́bàá ihò ẹ̀yìnkùlé. Ó ti bu omi tuntun sí i, ó ki igi tó fi ìṣó sàmì sí bọ inú rẹ̀, ó ń wo aago fóònù rẹ̀. Oyèdélé bi í bóyá ẹja ló ń dẹ. Keziah ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹja ò jáde: láti wákàtí kan, omi náà kò lọ sílẹ̀ ju ìdajì íǹṣì lọ. Amọ̀ ni. Ní iwájú ilé, ìṣẹ́jú méjìlá ló fi lọ sílẹ̀ ní íǹṣì kan.

Oyèdélé rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ oògùn amọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá lòun máa ń gbẹ́, títí òun yóò fi kan omi. Ìdọ̀tí á sì máa bá omi lọ. Láti Òkukù dé Igbaye, kò sẹ́ni tó pe òun padà rí pé sókàwéè òun kún.

Keziah dìde, ó ju okùn tó so òkúta mọ́ sínú kànga. Ó wọn ibi tó gbẹ lára okùn náà níwájú wọn: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án.

"Inú omi yìí gan-an lẹ fẹ́ gbẹ́ ẹ dé," ó ní. "Sókàwéè yín kì í kún nítorí pé àwọn tó ní kànga ló ń mu ún."

Bàbá Ọláìtán ní kí ìyàwó rọra. Iwájú ilé ni àlejò ń gbà wọlé; láti ayé bàbá àwọn, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Ṣé orí ìgbẹ́ ni kí aráyé máa gbà wá kí àwọn ni?

"Ẹ má bínú, Bàbá Ọláìtán. Kí wọ́n rìn lórí ẹ̀ sàn ju kí wọ́n mu ún lọ."

Bàbá náà fajú ro, ó ní kí Oyèdélé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Keziah gbọ́n omi inú ihò ẹ̀yìnkùlé dànù. Ó bọ́ sínú rẹ̀, ó ń gbẹ́ ẹ lọ títí ó fi dé ìbàdí rẹ̀. Àwọ̀ amọ̀ tó hú jáde dà bí eérú, àmì pupa wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ tí omi ń wọ̀ tó sì ń jáde lára rẹ̀ lọ́dọọdún máa ń dípẹtà bí irin. Ibi tí àmì yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ ni omi ń gòkè dé nígbà òjò.

Ó na ọwọ́, ó bu omi kànga kún ife nínú korobá tó wà létí ihò.

"Ẹ gbẹ́ ẹ síbí tó bá wù yín. Àmọ́ láràárọ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó máa kọ́kọ́ mu omi yìí kí Màmá ọkọ mi àti àwọn ọmọ tó mu."

Bàbá Ọláìtán yíjú sí bíríkìlà. "Ṣé wàá mu ún?"

"Bàbá, Òkukù ni mò ń gbé."

Bàbá Ọláìtán fúnra rẹ̀ ló gbé ṣọ́bìrì lọ síwájú ilé.

Wọ́n gbẹ́ tibẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún péré. Ilẹ̀ pupa ni láti òkè délẹ̀, kò sí amọ̀ aláwọ̀ eérú kankan nínú rẹ̀, ó dà gẹ̀rẹ́ sápá títì, ó sì ju ogójì ìgbésẹ̀ sí kànga. Nígbà tí òjò oṣù keje rọ̀, omi ru sókè nínú ihò ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n fi pákó bò. Ibi tí àmì pupa ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló dúró sí.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe gbẹ́ sókàwéè kan omi. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré, ẹ wo àwọ̀ ilẹ̀, ẹ bomi rin ín yó kí ẹ tó dán an wò. Bí omi kò bá rì, tàbí tó rì lójú ẹsẹ̀ bíi ti yanrìn, ẹ wá ibòmíràn, kó sì jìnnà sí kànga tó ọgbọ̀n mítà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní bó ṣe wà látijọ́ nìyí, ẹ bu omi fún un.

Ní oṣù kẹsàn-án, Oyèdélé yà kí wọn nígbà tó ń bọ̀ láti Ìbà, igi tó fi ìṣó sàmì sí bíi ti Keziah wà nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Orí sókàwéè náà ló gbà wọlé. Ó béèrè omi. Bàbá Ọláìtán fa ti kànga fún un, Oyèdélé sì mu ún tán.