Ohùn Lalla Batul

"Ẹni tó há sínú agolo tòmátì nìyẹn, kì í ṣe àbúrò mi."

Lalla Zuhur ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì na fóònù padà sí Wiam, ọmọ-ọmọ rẹ̀, bí ẹni tó ń dá ẹja tó ti rà padà fún ẹlẹ́ja. Orin náà ṣì ń lọ nínú fóònù, ohùn obìnrin kan tó tín-ín-rín tó sì ń han etí.

"Lalla Batul ni, Màmá àgbà," ni Wiam wí. "Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lára rẹ̀ níbí. Ẹ̀yin lẹ ń ta gòjé òyìnbó tó ń dún lábẹ́ yẹn."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ sọ ohun tí mo ta fún mi? Pa á, jọ̀ọ́."

Wiam pa á. Nígbà tí Lalla Zuhur wà lọ́mọge, òun àti àbúrò rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin olórin tí gbogbo ìlú Tetouan ní Mòrókò, níbi tí wọ́n ti ń pe ìyá tó níyì ní Lalla, máa ń pè síbi ìgbéyàwó. Zuhur a gbé gòjé lé orúnkún, Batul a sì kọrin. Ẹnìkan gba ohùn wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti pẹ́ tí Lalla Batul ti kú kí wọ́n tó bí Wiam, ṣùgbọ́n ní ọdún yìí, ọmọ ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀ gbé e sórí ayélujára, níbi tí Wiam ti ń gbọ́ orin ojoojúmọ́. Òun náà ló rí i, tó fi ayọ̀ gbé e wá sílé.

Wiam ì bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, bí kì í bá ṣe ohun tí ìyá àgbà sọ lẹ́yìn náà, níbi tó ti ń já ewé míńtì sínú abọ́.

"Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ohùn rẹ̀ ló ń sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá pe orúkọ rẹ̀ nínú ọkàn mi báyìí, ohùn tèmi ló ń dá mi lóhùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Wiam lára. Ó kọ̀wé lórí fóònù sí Anwar, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Málaga ní ilẹ̀ Sípéènì, Anwar sì fi sípíkà méjì ránṣẹ́, onípákó dúdú tó ń dán. Lalla Zuhur yẹ̀ wọ́n wò yíká, ó ní wọ́n rẹwà. Lójú ẹsẹ̀, ó mú aṣọ tó nípọn méjì tó ti kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí, ó sì da ọ̀kọ̀ọ̀kan bo sípíkà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti fíríìjì. Kò sí ohun iyebíye tó ń wà ní ìhòòhò nínú ilé náà. Wọ́n wá gbé wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní àgbàlá àárín ilé, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á ti rí wọn.

"Ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá ti jẹ kuskus tán," ni Lalla Zuhur wí. "Màá jókòó, màá sì gbọ́. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe Batul lọ́jọ́ náà, o kò ní dárúkọ orin yẹn létí mi mọ́. Ọkàn mi kò lè máa gbà á báyìí."

"Mo gbà, Màmá àgbà."

Ọjọ́ Jímọ̀ kò tíì dé tí Nuhaila, ọ̀rẹ́ Wiam, fi kó àwọn ọmọ kíláàsì wọn wá. Ìyá àgbà ti lọ kí ẹni tó bímọ. Nuhaila gbé ojú sókè wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Àwọn ìyàwó wo ló jókòó síbẹ̀ yẹn tí wọ́n bo ìbòjú? Wiam, ṣí wọn, ká gbọ́ nǹkan."

"Ti Màmá àgbà ni. Ọjọ́ Jímọ̀ la máa lò ó."

"Ẹ ẹ̀ rí arúgbó kékeré yìí! Ṣé wọ́n máa gbó tí a bá gbọ́ orin kan péré?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ṣe é. Wiam mọ̀ pé kò yẹ, inú rẹ̀ sì sọ fún un, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní arúgbó kékeré títí ìdánwò á fi parí? Ó tan orin ijó kan. Ohùn náà kọlu táìlì ògiri, ó kọlu táìlì ilẹ̀, ó ń padà wá pàdé ara rẹ̀ lọ́nà, débi pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí akọrin ń wí.

"Gbé e sókè," ni Nuhaila pariwo. "Béèsì ọ̀hún kò tíì dé ikùn mi."

Wiam ti béèsì dé òpin. Gbogbo ilé ń mì. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ya nínú sípíkà kan bí aṣọ ògbólógbòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Àwọn ọmọbìnrin náà wo ara wọn. Lójijì ni gbogbo wọn rántí iṣẹ́ àṣetiléwá. "Bóyá bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni Nuhaila wí, ó sì wá bàtà rẹ̀ wọ̀. Wiam da aṣọ padà bo sípíkà méjèèjì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Lalla Zuhur wọ kaftan tó fi ń ṣọdún. Ó lé tìróò. Ó ti gbé àwọn ife tíì oníwúrà jáde láti yàrá àlejò, ó wá jókòó sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ní àgbàlá, ó káwọ́ lé itan bí ọmọ ilé ìwé. Wiam rí tìróò yẹn. Ó tẹ fóònù, ó ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀.

Ohùn tó jáde dà bí ti eṣinṣin tó há sínú ìgò. Ìyá àgbà gbọ́ ọ títí dé ìparí, kò mira. Ó dìde.

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ká ní ó gbá a létí ni, ì bá sàn ju ọpẹ́ yẹn lọ. Ẹkún gbọn Wiam. "Màmá àgbà, èmi ni mo bà á jẹ́. Nuhaila àti àwọn ọ̀rẹ́ mi wá, mo sì tì í dé òpin kí wọ́n má baà fi mí ṣẹ̀sín. Mo wá fi aṣọ bò ó kí ẹ má baà mọ̀."

"Mo lé tìróò, Wiam," ni Lalla Zuhur wí. "Arúgbó bí èmi yìí. Mo jókòó, mo lé tìróò."

Ó kó ife rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìdí rẹ̀, ó sì ṣí yàrá àlejò láti dá wọn padà. Àwọn ará ilé kì í jókòó nínú yàrá yẹn. Àlejò nìkan ló wà fún, ó sì lè lo oṣù púpọ̀ ní títì. Láti inú ibẹ̀ ló ti ké sí i: "Wá bá mi gbé àwo yìí, kí o sì pa ẹnu ẹkún yẹn dé."

Wiam dúró gbọnin. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ìbáwí yẹn sì wọ etí rẹ̀ ketekete, bí ẹni pé inú etí gan-an ni ìyá àgbà jókòó sí. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní àgbàlá: ó dún gbàmù, ó ń sáré kiri ara táìlì. Ó wọ inú yàrá, ó tún pàtẹ́wọ́. Ìró náà dún, ó sì bọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó wò yíká: tìmùtìmù ńláńlá lára ògiri, kọ́tìnnì àrán, kápẹ́ẹ̀tì lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ tún sọ̀rọ̀, Màmá àgbà."

"Kí ni kí n sọ? Orí rẹ ti dàrú ni?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé sípíkà tó kù wá síbí. Ọ̀kan ṣì dára."

"Yàrá àlejò nìyí, ìwọ ọmọ yìí."

"Ṣé Lalla Batul kì í ṣe àlejò ni?"

Ìyá àgbà wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. "Lọ gbé omi kaná," ló wí nígbẹ̀yìn. "Batul kì í jókòó síbi tí kò bá sí tíì."

Wiam sáré. Ó gbé sípíkà tó dára sórí tábìlì kúkúrú, ní ibi tí ẹnu ẹni tó bá jókòó máa ń wà, ó sì kọjú rẹ̀ sí àga ìyá àgbà. Nígbà tó fọwọ́ kan aṣọ oníṣẹ́ abẹ́rẹ́, ìyá àgbà la ẹnu, ṣùgbọ́n Wiam ti yára béèrè pé, "Tí a bá da aṣọ bò ó lẹ́nu, ṣé ó máa lè kọrin?" Ìyá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Wiam tún rí i nínú fóònù pé òun ti ní kí orin máa wá ní kékeré kí data má baà tán, tí wọ́n sì ń tipa bẹ́ẹ̀ gé ohùn náà kù. Ó yí i padà kí gbogbo rẹ̀ máa wọlé. Ó fi wáyà so fóònù mọ́ sípíkà.

"Ẹyọ kan tó kù yìí ló ń bà mí lẹ́rù," ló wí. "Máíkì mélòó lẹ kọrin sí lọ́jọ́ náà?"

"Ẹyọ kan. Gbogbo wa yí i ká bí ẹni tó ń yáná."

Ọkàn Wiam balẹ̀. Ohùn tó gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé lè gba ẹnu ọ̀nà kan jáde. Kò gbé e sókè ju bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

Kì í ṣe orin ló kọ́kọ́ wọlé. Ìró ẹ̀gbà ọwọ́ ni, tó ń kan ara wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan mí sínú, níbẹ̀, níwájú wọn gan-an. Lalla Zuhur di ọwọ́ Wiam mú. Batul wá bẹ̀rẹ̀ sí kọrin.

Wiam ti gbọ́ orin yẹn títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí, síbẹ̀ kò gbọ́ ọ báyìí rí. Gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Ó mọ ibi tí obìnrin náà jókòó sí, ó mọ ìgbà tó yí orí sápá kan. Obìnrin tó ti kú ń mí nínú yàrá tí oòrùn ọ̀sán wọ̀, tíì sì ń rú èéfín níwájú rẹ̀. Ìyanu ńlá ni. Ẹ̀rù tó ba Wiam kò le, ó dà bí ẹ̀rù tó máa ń bà á tó bá dúró níwájú òkun.

Ní ibì kan, gòjé ṣìnà. Akọrin náà fa ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gùn, ó dúró títí gòjé fi bá a, ẹ̀rín kékeré kan sì wà nínú ohùn rẹ̀.

"Èmi ni mo ṣìnà níbẹ̀ yẹn," ni Lalla Zuhur wí, tìróò ti ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ó dúró dè mí. Ó máa ń dúró dè mí. Òun ni, Wiam. Àbúrò mi ni."

Ó bu tíì sínú ife kẹta, ó sì gbé e síwájú sípíkà.

Wiam sọ òtítọ́ fún Anwar, Anwar sì bínú gidi, nítorí ó pẹ́ kó tó rí àwọn sípíkà náà rà. Nígbà tí Nuhaila tún dé, tó ní kí wọ́n gbé e sókè, Wiam ní kó bọ́ bàtà, kó jókòó, kó sì pa ẹnu mọ́ ná. Nuhaila rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Èyí ni kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mú lọ sílé. Ariwo tí Wiam fi wá ojúure àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba sípíkà kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ gba ohùn Batul lọ́wọ́ arúgbó kan títí láé. Ìgbà tó jẹ́wọ́ ni ọ̀nà là, ìgbà tó sì kó ohun tó dí ohùn náà lọ́nà kúrò ni wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ má fi ohun tí ẹnìkan ń retí tọkàntọkàn ṣe fàájì nítorí pé wọ́n ń fi yín rẹ́rìn-ín.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá àlejò kò sí ní ìdí Lalla Zuhur mọ́ báyìí. Ara ìlẹ̀kùn ló wà, tọ̀sán-tòru.