Ẹni Tó Ń Ṣí Omi

Ẹni tó bá fẹ́ lè pe èyí ní àròsọ. Ilé náà ṣì wà ní Wuye, kò jìnnà sí ọjà, ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí kì í mutí, kì í sì í purọ́. Ọládùnjoyè lorúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, irú àwọn tí í lọ aṣọ ọjọ́ Mọ́ńdè láti ọjọ́ Sátidé.

Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní báyọ́lọ́jì. Òun ló gbé báàfù ńlá kan sẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé yàrá wọn, tó sì da ewé wẹ́wẹ́ kan tó bù nínú adágún ní Abaji sójú omi rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ojúoró. Èyí kéré sí i púpọ̀, ewé kan kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Kò ní igi, kò ní ẹ̀ka. Gbòǹgbò kan ṣoṣo ló rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí irun. "Àbúrò ojúoró" ni Ọmọ́níkẹ́ ń pè é.

"Ẹ wò ó, ọkọ mi," á ní. "Kò wá ọkọ, kò ṣègbéyàwó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbà bímọ. Ọmọ ò tíì kúrò lára ìyá, ọmọ-ọmọ ti ń yọjú."

Á wá rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run kò fún àwọn méjèèjì lọ́mọ, ẹ̀rín yẹn sì máa ń dun Ọládùnjoyè dọ́kàn.

Ewé náà ń pọ̀ bí ọ̀rọ̀ àhesọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti di ìlọ́po méjì. Bó bá bo omi pátá, ìsàlẹ̀ á ṣókùnkùn, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ní ń ṣí omi: á fi ẹ̀yìn ọwọ́ la ewé sọ́tùn-ún sósì. Ọmọ́níkẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jí. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, àkùkọ mẹ́ta ò lè jí i.

"Ọjọ́ tí ẹ bá ṣáájú mi jí," á ní, "n ó sùn títí oòrùn á fi wọlé bá mi."

Ọjọ́ náà kò dé. Lọ́dún 2016, àìsàn tí kò pẹ́ rárá mú Ọmọ́níkẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá Adépéjú, díkónẹ́ẹ̀sì tó ń gbé ilé kejì, wá gbàdúrà sílé. Ó ta òróró sí ilẹ̀kùn, ó ta á sí fèrèsé. Nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé, ó da ìyókù sínú báàfù. Ọládùnjoyè ṣe àmín. Ta ni yóò sọ fún díkónẹ́ẹ̀sì pé òróró ń dí èémí ewé? Kò pẹ́, ewé pọ́n, ó funfun, ó rì. Ọkùnrin náà jókòó ti omi tó ṣófo, ó sì sunkún ju bó ṣe sun ún létí sàréè lọ. Ohun alààyè kan ṣoṣo tí Ọmọ́níkẹ́ fi sílẹ̀ fún un nìyẹn.

Ọyẹ́ kọjá. Òjò rọ̀, báàfù kún, òróró bá omi ṣàn jáde. Ewé tún yọ. Ìyẹn kì í ṣe àrà. Ọmọ́níkẹ́ ti sọ fún un rí pé bí ìyà bá dé, ewé yẹn á bí ọmọ tó wúwo, ọmọ á rì, á sùn sísàlẹ̀ títí ayé á fi tún dára.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni àrà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ewé ti bo omi tán, ó rí i pé omi ti là. Ọ̀nà kan gba àárín ewé, ó fẹ̀ tó ẹ̀yìn ọwọ́ obìnrin. Géètì wà ní títì. Atẹ́gùn kò fẹ́. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ tẹ́tí. Ní ìdájí, á gbọ́ ìró kan lábẹ́ fèrèsé: ṣàà. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Gbogbo ilé á tún pa lọ́lọ́.

Ó sọ fún Màmá Adépéjú.

"Kai! Bọ̀dá Ládùn, this thing is not ordinary o."

"Ẹ̀rù ò bà mí, mà."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Òkú kì í bá alààyè gbélé. Ẹ da omi yẹn nù, ẹ jọ̀ọ́."

"Tí mo bá dà á nù, kí ló kù fún mi?"

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọládùnjoyè ṣèlérí pé tó bá di Sátidé, òun á dà á nù.

Ní Sátidé, kò sùn. Kí ìpè àdúrà tó dún ní mọ́ṣáláṣí, ó ti wà lẹ́yìn ilé. Ewé bo omi pátá. Kò sí ọ̀nà kankan láàárín rẹ̀. Ó di etí báàfù mú láti dojú rẹ̀ dé, apá rẹ̀ kọ̀. Ó fẹ́ rí ojú omi náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé, ó sì rọra là á sọ́tùn-ún sósì. Ṣàà.

"Níkẹ̀ẹ́ mi," ó ní, "èmi ni mo kọ́kọ́ jí lónìí."

Nínú yàrá tí kò sí ẹnì kankan, ibùsùn dún. Ìró ẹni tó yí ẹ̀gbẹ́ padà ni. Èémí gígùn kan tẹ̀ lé e, bíi ti ẹni tí oorun ń dùn mọ́.

Ọládùnjoyè kò wo fèrèsé. Ẹ̀rù bà á wàyí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé omijé bọ́. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ ti omi.

Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí Màmá Adépéjú yọrí lókè ògiri.

"Bọ̀dá Ládùn! Ṣé ẹ ti dà á nù?"

Ọládùnjoyè fi ìka lé ètè.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, mà," ó ní. "Oòrùn ò tíì wọlé bá a."