Omi Tó Ń Ti Ọgbà Màlúù Ṣàn Bọ̀

"Bàbá Safiyat, ẹ má lọ sípàdé yẹn lónìí. Ara ọmọ ń gbóná."

"Asiata, bí n kò bá lọ, ta ni yóò gbẹnu sọ fún wa? Ìjọba fẹ́ ti ọgbà pa."

Jímọ̀ ló dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn bẹ́ẹ̀, nílé wọn ní Ọ̀fà, lọ́dún 1968. Iṣẹ́ fífún wàrà màlúù ni Jímọ̀ ń ṣe ní ọgbà ńlá kan lókè odò. Bí òjò bá ti rọ̀, ìgbẹ́ àwọn màlúù náà a ṣàn wọnú odò tí àdúgbò ń pọn mu. Àwọn kan ní kí ìjọba fòfin de irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbà.

Nípàdé, Jímọ̀ dìde. "Ẹni tó bá fẹ́ òfin yìí, ebi ló fẹ́ kó pa wá!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí, wolé-wolé, bẹ̀ wọ́n. "Òfin náà kò ní ká má sin màlúù. Ó ní kí ọgbà jìnnà sódò, kí ẹran má pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, kí wọ́n sì gbẹ́ kòtò fún ìgbẹ́ wọn."

Ariwo bò ó mọ́lẹ̀. Jímọ̀ wà nínú àwọn tó ń pariwo.

Nígbà tó délé, Safiyat ti ń yàgbẹ́ gbuuru, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Omi odò yẹn náà ni ìyá rẹ̀ ń bù fún un. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì.

Dúrótìmí wá kí wọn.

"Ọ̀gá, ṣé omi yẹn ni?" Jímọ̀ bi í.

"N kò lè búra. Ṣùgbọ́n àwọn ilé tó ń pọnmi níbẹ̀ náà ni àìsàn yìí ti ń jà."

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, Jímọ̀ sọ pé, "Màlúù ló ń bọ́ mi. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí òfin wáyé." Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tó ni ọgbà náà lé e níbi iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará ìlú kò sì tíì fẹnu kò lórí òfin náà.

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá ń jiyàn lórí òfin, ẹ ní kí wọ́n kà á sí yín létí kí ẹ tó pariwo. Ẹ se omi odò àti wàrà kó hó kí ẹ tó mu wọ́n. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni, èèyàn lè rí òmíràn. Ta ni yóò dá Safiyat padà fún Asiata?