Oorun Bàbá Dúrójaiyé

Lọ́jọ́ tí àdúgbò kan ní Odode pinnu láti lé Búrẹ́mọ̀ kúrò ní Ìdànrè, lọ́dún 1981, Bàbá Dúrójaiyé ti sùn lọ fọnfọn kí wọ́n tó ṣe àmín àdúrà ìpàdé. Àbí ká kúkú sọ òótọ́: bàbá dijú ni, ó ń hanrun.

Ọgbọ́n tó fi ń gbé ìlú nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bá wọn jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Olóyè Adésànyà, olórí àdúgbò, tí yóò fa fìlà abetí-ajá rẹ̀ bojú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, oorun dé. Ta ní ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń hanrun? Wọ́n ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Bàbá gbọ́ òwe náà, ó rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Òjò ọdún náà ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ó rọ̀ títí kòkó fi ń dúdú lórí igi láti Aládé dé Atosin. Wọ́n wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi, ojú wọn bọ́ sára Búrẹ́mọ̀, ará Ìsẹ́yìn tó ń bá onílẹ̀ tọ́jú oko kòkó, tó sì ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí kékeré ẹ̀yìn ọjà. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ní ìdájí ló ń bí àwọn òkè Ìdànrè nínú.

“Kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ́la,” Olóyè Adésànyà wí, ó gbé agbádá sányán rẹ̀ lé èjìká. “Ṣé ẹnu wa kò?”

“Ó kò!”

Búrẹ́mọ̀ dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ dákun. Àwọn ọmọ mi ò mọ ibòmíràn.”

Bàbá Dúrójaiyé, tí Búrẹ́mọ̀ ń bá fọ́ kòkó lọ́dọọdún láìgba kọ́bọ̀, tún fi kún ìhanrun rẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí wọ́n lé Àìníà ọlọ́ṣẹ torí pé ó ṣí fèrèsé lọ́jọ́ tí obìnrin kì í yọjú, irú oorun yìí náà ni bàbá sùn.

Afẹ́fẹ́ òjò fẹ́ wọlé. Sìdíkàt, ìyàwó Búrẹ́mọ̀, tó ń sunkún lẹ́bàá òpó, rí i pé ara àgbà náà ń gbọ̀n. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó láyà.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra máa sọ̀rọ̀,” ó ní. “Òtútù ń mú bàbá. Ẹ má jí wọn.”

Ìborùn náà ṣì ń móoru. Ojú ti Bàbá Dúrójaiyé. Ó gbìyànjú kó hanrun, èémí kọ̀ jálẹ̀. Ló bá dìde.

“Ẹnu wa ò kò.”

“Bàbá, ẹ ti jí?” Olóyè béèrè.

“N ò sùn. Láti ọdún mọ́kànlá, n ò sùn rí nínú ilé yìí.”

Ẹ̀rín bú jáde. Ọlọ́runyọmí akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

“Kòkó tèmi náà dúdú. Òjò ló pa á. Nígbà tí kòkó ń so wọ̀ǹtìwọnti, ìpè ìrun Búrẹ́mọ̀ yìí náà là ń gbọ́ jí, ẹ ò sọ pé ohùn rẹ̀ ló mú un so. Bó bá kó ẹrù lọ́la, ẹ wá bá mi gbé tèmi náà.”

Wọ́n wo ara wọn. Ta ni yóò lé ẹni tó fi orí ara rẹ̀ ru ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè wá tẹ Odode dó nígbà tó ṣì jẹ́ igbó?

“Ó dáa, kó dúró,” Olóyè wí. Ó wá wo bàbá dáadáa. “Ẹ gbọ́ ti Àìníà nígbà yẹn nìyẹn?”

“Mo gbọ́.”

Ẹ̀rín tán.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó, níbi tí Àìníà forí lé nígbà tí wọ́n lé e. Ó bá a nídìí ọṣẹ rẹ̀ lọ́jà, oòrùn ti kan àtàrí. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó kí i bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

“Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ṣé ẹ jíire?”

“Mo wá bẹ̀ ọ́ ni, Àìníà. Lọ́jọ́ yẹn, n ò sùn.”

“Mo mọ̀, bàbá. Mo rí ìpéǹpéjú yín tó ń gbọ̀n. Mo retí yín títí mọ́tò fi gbé mi.”

Àìníà fún un ní ọṣẹ méjì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò padà sí Ìdànrè mọ́.

Nígbà tí ogbó dé, oorun gidi wá ń gbé Bàbá Dúrójaiyé nípàdé. Olóyè kò jẹ́ béèrè bóyá ẹnu kò kí bàbá tó jí. Yóò nàró, yóò ké sí Sìdíkàt ní òdìkejì títì pé: “Ìyá, ẹ wá bá wa jí bàbá o!”