Ọkùnrin Tó Ń Fi Palermo Hàn Wọ́n

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe Mùlíkàt ní kàyéfì ni pé ọkùnrin tó ń mú wọn rìn kiri ìlú náà kò bojú wẹ̀yìn rárá. Ẹni tó bá ń fi ìlú han àlejò, àlejò ló yẹ kó kọjú sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọrùn eléyìí nìkan ni fóònù ń gbé wá, ẹ̀yìn ọrùn dúdú lábẹ́ fìlà funfun kan, tó ń lọ níwájú, tó ń sọ̀rọ̀ síwájú, bí ẹni pé ògiri ló ń bá ròyìn.

Àárọ̀ Sátidé ni, ní Springdale, l'Amẹ́ríkà. Mùlíkàt gbé fóònù ti ìgò òróró lórí tábìlì kíṣìnì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Inaayah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń kàwé ní yunifásítì tó wà ní College Park, ti bá kíláàsì rẹ̀ lọ sí Ítálì. Ó ti ṣèlérí pé ọjọ́ tí wọ́n bá máa fẹsẹ̀ rin àdúgbò àtijọ́ ní Palermo, òun á pe ìyá òun lórí fídíò kí àwọn jọ rìn ín. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́hùn-ún. Oòrùn mú débi pé àwọn ọmọ kíláàsì náà ń fi ìwé fẹ́ ara wọn.

"Mummy, ẹ wo this street," Inaayah ní. "Ó tóóró gan-an. Ẹ wo aṣọ tí wọ́n sá sókè."

"Mo rí i. Ó jọ àgbàlá wa ní Ìdí-Àrẹrẹ. Kí ló ṣe ẹni tó ń mú yín rìn tí kì í kọjú sí yín?"

"Aaron? He's just shy, Mummy. Ó ní ká má ya òun ní fọ́tò."

Mùlíkàt rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Àmọ́ etí rẹ̀ ò padà. Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin náà ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì tó ti gba ìlú àwọn ará Ítálì kọjá, síbẹ̀ ohùn kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bíi ti Ìbàdàn. Nǹkan mìíràn tún ni pé ìgbàkígbà tí ọkùnrin náà bá sún mọ́ Inaayah, fóònù á máa hó yàà, bí omi òkun tó ń fà sẹ́yìn lórí iyanrìn. Ó béèrè bóyá òkun wà nítòsí wọn. Inaayah ní rárá, ó jìnnà síbi táwọn wà.

Wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà. Aaron ṣàlàyé pé láyé ọjọ́un, nígbà tí àwọn Lárúbáwá ń jọba níbẹ̀, mọ́sálásí ló wà lójú ilẹ̀ náà. Ó mú wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà, síbi òpó òkúta kan tí wọ́n gbẹ́ áyà Àlùkùráánì sí lára, tí kò sẹ́ni tó pa á rẹ́ títí di òní. Inaayah gbé fóònù sún mọ́ òpó náà kí ìyá rẹ̀ lè rí i dáadáa. Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka áyà náà síta.

Ọwọ́ Mùlíkàt dúró nínú ẹ̀wà.

Ohùn kéwú yẹn, ilé kéwú kan ṣoṣo ló ti gbọ́ ọ rí, èyí tó wà lẹ́yìn ilé bàbá wọn, níbi tí àáfà arúgbó kan ti kọ́ wọn láti máa rẹ ohùn sílẹ̀ níparí áyà bí ẹni tó rẹ̀. Ibì kan sì wà nínú áyà náà tí àbúrò rẹ̀ máa ń fo ọ̀rọ̀ kan, tí àáfà á fi pàṣán sí i lẹ́yìn, tí kò sì yéé fò ó. Ọkùnrin tó wà ní Palermo náà fò ó.

Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Ṣàmsúdéènì. Oyún Inaayah ló wà nínú Mùlíkàt nígbà tí àbúrò rẹ̀ gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, tó sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ náà dojú dé. Ẹnì kan tí wọ́n fà yọ nínú omi ló pe ilé, ó ní òun rí Ṣàmsúdéènì tó rì, òun ò sì rí i kó jáde. Wọ́n kírun òkú láìrí òkú, wọ́n sì ṣe fídáù. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àfi bí oníṣòwò ará àdúgbò wọn kan ṣe dé láti Túnísì lẹ́yìn náà, tó ní òun rí Ṣàmsù lójú kòrókòró níbi tó ti ń ta bàtà, àti pé bí òun ṣe lanu kí i báyìí, òun ò rí i mọ́.

Gbogbo ará ilé ló mọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ikú mú láìtọ́jọ́, tó wá ṣí lọ sí ìlú tí ojú ò ti mọ ojú, tó ń jẹ ọjọ́ tó kù ún kù níbẹ̀, àkúdàáyà ni. Àlejò lè bá a jẹun nínú abọ́ kan náà, kí nǹkan kan má ṣe é. Ẹni ilé ni kò gbọ́dọ̀ pè é. Ìyá wọn ò sunkún. Ó pe Mùlíkàt ní Amẹ́ríkà, ó ní, "Bó o bá rí i níbikíbi láyé, má pe orúkọ ẹ̀. Bí ará ilé bá ti pè é, ó di dandan kó tún lọ. Jẹ́ kó jókòó síbi tó ti ń jẹun." Ìyá náà ti kú báyìí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò bá a lọ.

Jàfárù, ọkọ Mùlíkàt, wọ kíṣìnì láti wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. Jàfárù kì í gba ọ̀rọ̀ àkúdàáyà gbọ́. Ó ní kò sí nínú ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n kì í sùn láìka Àyátúl-Kúrísíyù, ẹ̀rù ohun tí kò gbà gbọ́ yẹn náà ló sì ń bà á. Ó gbọ́ kéwú náà, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì gbàgbé ohun tó wá mú.

"Ẹni jọ ẹni ni," ó ní, jẹ́jẹ́.

"Dádì Inaayah, ó fo ọ̀rọ̀ yẹn."

"Pa fóònù yẹn. Bí kì í bá ṣe òun, kò kàn ẹ́. Bó bá sì jẹ́ òun, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí Màmá sọ."

Kò pa á. Ojú àbúrò rẹ̀ nìkan ló fẹ́ rí, kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá pa fóònù, kò ní mọ̀ títí ayé bóyá òun ni. Bó bá pe orúkọ rẹ̀, á tún pàdánù rẹ̀. Bó ṣe ń rò ó síwá sẹ́yìn nìyẹn, tí ọgbọ́n kan fi yọ sí i. Orúkọ ni Ìyá ní kó má pè. Ìyá ò ní kó má kì í. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, inú rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sọ́mọ Yorùbá tí wọ́n fi oríkì jí ní kùtù hàì tí kò mọ èyí: orúkọ, etí ló ń gbọ́ ọ, oríkì, orí gan-an ló ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àárò ọmọ ìyá ẹni kì í jẹ́ kéèyàn rántí gbogbo ohun tó mọ̀.

Ó tẹ ẹnu mọ́ fóònù. "Àyìnlá," ó ní, bí ẹni ń jí ọmọ lórí ẹní. "Àyìnlá ọkọ mi."

Kéwú dúró láàárín ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà yíjú padà.

Ewú ti gba orí Mùlíkàt, àbúrò rẹ̀ sì ti yẹ kó di àgbà ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ojú tó wọlé sínú fóònù yẹn kò kúrò níbi tó wà lọ́jọ́ tó di ẹrù sínú báàgì kan n'Íbàdàn. Irun àgbọ̀n rẹ̀ ṣì ń hù bọ̀. Ó wo fóònù, inú rẹ̀ dùn fírí, bí ọmọdé tí wọ́n pè wá jẹun. Lẹ́yìn náà ni ayọ̀ yẹn ṣá lójú rẹ̀. Fóònù ń hó yàà, yàà.

"Àǹtí mi," ó ní, ní Yorùbá. "Kí lẹ ṣe pè mí? Mi ò tíì ṣe tán níbí."

Ó yíjú sí àwọn ọmọ kíláàsì náà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n dúró de òun, ó sì gba ẹ̀yìn òpó náà lọ. Inaayah gbé fóònù tẹ̀ lé e. Ògiri ló wà níbẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ihò, òkúta tí oòrùn ń pa nìkan ni. Wọ́n dúró títí oòrùn fi kúrò lára ògiri náà, àwọn kan ń kùn, àwọn kan ń pe fóònù rẹ̀, kò gbé e.

"Mummy, how does he know you?" Inaayah béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kí lẹ pè é?"

"Padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, padà sí hòtẹ́ẹ̀lì."

Jàfárù ò bá a wí. Ó jókòó tì í, ó ń ka ohun tó mọ̀ ọ́n kà lábẹ́lẹ̀, ẹ̀wà sì wà níbẹ̀ láìsẹ́ni tó ṣà á. Ẹyin lohùn, àwọn baba wa wí. Mùlíkàt sunkún débi tí ojú rẹ̀ wú, ó ń sọ ọ́ léraléra pé òun lòun lé e, òun tóun fẹ́ràn rẹ̀ jù láyé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìpè fídíò kan wọlé láti Ítálì. Obìnrin ọmọ Bìní kan ni, Felicia lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó Aaron lòun, ó ní. Gúrúpù WhatsApp tí ọkọ òun fi ń kó àwọn tó ń mú rìn jọ lòun ti rí nọ́ńbà Inaayah, Inaayah ló sì fún òun ní ti ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Madam, abeg, no vex," ó ní, pẹ̀lú ohùn wúyẹ́wúyẹ́. "Dem say one woman call am for phone, e turn, e go. Since that day e never come house. Na you?"

"Èmi ni," Mùlíkàt dáhùn. Lẹ́yìn náà ó rántí pé obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá. "Na me. I be him sister."

Kì í ṣe ìbínú ló wá sójú Felicia, ìdùnnú ni, èyí ló sì dun Mùlíkàt jù. Ó yára dìde pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó la yàrá kan kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"So you dey alive! E no dey call any of him people, I think say all of una don die. E tell me say him get sister wey carry am for back. When we born this one, e no gree any other name. Say na your name she go bear."

Ọmọbìnrin kékeré kan kún ojú fóònù. Iwájú orí ìyá Mùlíkàt ló wà lórí rẹ̀, tó yọ síta díẹ̀, tó ń dán. Ó ń mu ìka, ó ń wo obìnrin tó wà nínú fóònù. Mùlíkàt gbọ́ híhó bí òkun yẹn, láti ibi tó jìnnà, kò ga, kò sì dákẹ́: yàà.

"She never sleep well since him papa go," Felicia ní. "But she go happy if you greet am. Call am, Madam. Just call am name."

Mùlíkàt fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀. Ọmọ náà yọ ìka lẹ́nu, ó gbé etí sún mọ́ fóònù, ó ń dúró.